Ogun Orí Tábìlì: Eré Ni, Ẹ̀kọ́ Sì Ni

Ìtàn eré kan ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí: ogun tí àwọn àgbàlagbà ń fi ọmọ ogun kéékèèké jà lórí tábìlì.

Àwọn ológun Prussia, nílẹ̀ Jámánì, ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Ní 1824, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan, von Reisswitz, gbé tirẹ̀ jáde: máàpù, àmì tó dúró fún ọmọ ogun, àti dáìsì tó ń sọ iye ẹni tó kú. Wọ́n kúkú mọ̀ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ní 1893, ilé iṣẹ́ William Britain ní London bẹ̀rẹ̀ sí í fi òjé ṣe ọmọ ogun tí inú rẹ̀ ṣófo, tówó rẹ̀ kò wọ́n. Irú wọn ni H. G. Wells, tó kọ The Time Machine, fi ń ṣeré. Ó kọ òfin eré náà sínú ìwé Little Wars ní 1913. Wells ò fẹ́ràn ogun o! Ó ní ẹni tó bá ta eré náà nígbà mélòó kan yóò rí i pé ogun gidi kún fún àṣìṣe. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀.

Títí dòní, ẹni tó fẹ́ fi ọ̀dà kun ọmọ ogun Napoleon ní láti kàwé kó tó mọ àwọ̀ bọ́tìnì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ṣe ń wọlé sí i lórí. Ọmọ ogun òjé tó ṣubú, a ó gbé e dìde lọ́la. Tèèyàn kò rí bẹ́ẹ̀.