Igi Ààlà Tí Ìjọba Sanwó Lé Lórí Lẹ́ẹ̀mejì

Nílẹ̀ Yorùbá, pérègún la sábà máa ń gbìn sí ààlà oko. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn: igi ẹlẹ́gùn-ún kéékèèké tí wọ́n gbìn ní ìlà yí oko ká, tí ẹyẹ ń tẹ́ ìtẹ́ sí, tí àgùntàn kò sì lè là kọjá. Àwọn mìíràn nínú wọn ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí owó ìrànwọ́ ìjọba ti fi ojú àgbẹ̀ ibẹ̀ rí, igi wọ̀nyí ni kí ó wò.

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, òkèèrè ni púpọ̀ nínú oúnjẹ Ìlú Ọba ti ń wá, àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì sì ri ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀. Ogun parí ní 1945, ìyà kò tán. Láti 1946 di 1948, búrẹ́dì, tí wọn kò fi ìwọ̀n pín rárá lásìkò ogun, wá di ohun tí wọ́n ń fi ìwọ̀n pín fún ará ìlú. Inú ọ̀wọ́n yìí ni Òfin Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti 1947 ti jáde. Ìjọba ṣe onígbọ̀wọ́ iye owó tí àgbẹ̀ yóò máa ta ọ̀pọ̀ irè oko. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí oúnjẹ pọ̀. Katakata kì í sì rí àyè yí dáadáa nínú oko kékeré, nítorí náà ìjọba tún ń fún àgbẹ̀ lówó láti hú igi ààlà. Wọ́n hú u. Ẹ má ṣe pè wọ́n ní ọ̀bàyíkájẹ́ o. Ìmọ̀ràn ìjọba ni wọ́n tẹ̀lé.

Ìlú Ọba wọ ẹgbẹ́ ọrọ̀-ajé Yúróòpù ní 1973. Láàárín ọdún mẹ́wàá sí i, bọ́tà àti ọkà tí wọ́n fi owó ìlú rà ti kún ilé ìpamọ́ dẹ́nu. Nínú àtúnṣe 1992, wọ́n ní kí àgbẹ̀ ọlọ́kà tí oko rẹ̀ tóbi fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìdá kí ó tó lè gba owó. Nígbà tí ọkà tún wọ́n ní 2007 àti 2008, wọ́n wọ́gi lé e.

Ní 1997, òfin jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú igi ààlà oko láìkọ́kọ́ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí. Owó ti wà nílẹ̀ nígbà náà fún ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín padà. Bàbá tó gbowó hú u lè wà láàyè, kí ọmọ rẹ̀ máa gbowó gbìn ín sójú ibi kan náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Yúróòpù, Òfin 2020 yí gbogbo rẹ̀ padà. Owó tí wọ́n ń san lórí hẹ́kítà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù ní 2021. Èyí dára lójú tèmi, nítorí ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ló ń gbà jù. Ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 ń sanwó fún ìtọ́jú erùpẹ̀, oyin àti igi ààlà. Ọ̀pọ̀ àdéhùn rẹ̀ jẹ́ ti ọdún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ igi ẹlẹ́gùn-ún ọlọ́dún mẹ́ta kò tíì lè dá àgùntàn dúró.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2025, ìjọba ti ìlẹ̀kùn ètò náà mọ́ àwọn tó fẹ́ wọlé, láìsọ fún wọn ṣáájú. Wọ́n ní owó ti tán. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n gbà kí àwọn kan tó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ padà wá parí rẹ̀. Àwọn yòókù ní láti dúró.