Hard drive kọ̀ǹpútà àtijọ́: bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀ kí kọ̀ǹpútà tó di tòkunbọ̀

Tòkunbọ̀ ni orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n sì gbé wá sílé. Lónìí, ọkọ̀, fìríìjì àti kọ̀ǹpútà àlòkù tó ti ìlú òyìnbó dé náà ń jẹ́ tòkunbọ̀. Kọ̀ǹpútà tí àwọn òbí yín gbé sókè àjà ní Dagenham Heathway lè gba èbúté Tilbury kọjá, kó sì di ọjà ní Computer Village, Ìkẹjà.

Ẹ má jẹ́ kí hard drive inú rẹ̀ bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ní 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn jáde lórí òwò kọ̀ǹpútà àlòkù ní Èkó. Wọ́n ra hard drive níbẹ̀, wọ́n sì bá ìwé àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Ó sì lè jẹ́ pé inú hard drive yẹn nìkan ni fọ́tò ìsọmọlórúkọ yín wà, tàbí ohùn ìyá àgbà tó ń ki oríkì yín.

Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, ẹ tú hard drive jáde, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ bá rí irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ní ìlà méjì, tí gbogbo rẹ̀ tó bí 40, IDE ni. Wáyà pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ló ń lò. Ẹ ó tún rí ike kékeré kan tó ń yan «master» tàbí «slave». Orúkọ burúkú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nìyẹn. Tí hard drive náà bá dá wà, ẹ fi í sí master. SATA dé ní 2003: wáyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì ní abẹ́rẹ́ kankan. SATA àtijọ́ ṣì ń bá kọ̀ǹpútà tábìlì òde òní ṣiṣẹ́. IDE ní tirẹ̀ kì í sábà ríhò wọ̀ mọ́.

Àdápútà USB ni ẹ ó rà fún IDE, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Hard drive kọ̀ǹpútà tábìlì, oní-ínǹṣì 3.5, ń fẹ́ iná volt 12, bẹ́ẹ̀ volt 5 ni ihò USB sábà máa ń fún un. Àdápútà tí kò ní wáyà iná tirẹ̀ kò ní lè yí i rárá. Ẹni tí kò mọ̀ á ní hard drive ti kú, á sì jù ú nù, nígbà tó jẹ́ pé iná ni kò tó o. Ti láptọ́ọ̀pù, oní-ínǹṣì 2.5, lè lo iná USB.

Kọ̀ǹpútà tuntun máa ń ka hard drive kékeré láìsí wàhálà. Òdìkejì rẹ̀ ló le: Windows XP tó ṣáájú Service Pack 1 ti 2002 kì í rí ju GB 137 lọ.

Tí ẹ bá gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣí i. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń fi ìgbàlà fáìlì ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti da gbogbo fáìlì yín kọ sí ibi méjì, ẹ lo ètò tó ń kọ òdo bo gbogbo ojú hard drive náà. «Quick format» kì í pa fáìlì rẹ́; àkójọ orúkọ wọn nìkan ló ń tún ṣe.