Àwọn Tó Ń To Àgbá Epo

Ìtàn òwò epo pupa ní Èkó kún fún orúkọ àwọn oníṣòwò ńlá, bí ẹni pé àwọn nìkan ló ṣe é. Ṣáájú 1861 tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àgbá onígi ni wọ́n fi ń kó epo sọdá òkun. Ọ̀pọ̀ pákó àgbá a máa ti òkè òkun dé ní ìdì-ìdì, torí àgbá òfìfo ń gba àyè. Etíkun ni oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń tò ó. Iná ni ó fi ń mú pákó rọ̀, kí ó tó tẹ̀ ẹ́ yọ ikùn, kí ó sì fi òrùka irin dè é pinpin. Kò lo ìṣó, kò lo àtè. Bí ojú pákó kan bá ya bín-ín-tín, epo ti jò, èrè oníṣòwò ti bá a lọ.