Dúfẹ́: Fífọ̀ Rẹ̀ àti Sísá Rẹ̀ Nílé

Dúfẹ́ ni aṣọ ìbora tó nípọn, tí wọ́n rán bí àpò, tí wọ́n sì ki nǹkan múlọ́múlọ́ sí nínú. Ohun tó wà nínú yìí ló ń mú kí ẹni tó bò ó móoru, òun náà ló sì ń sọ bí wọn yóò ṣe fọ̀ ọ́. Ìyẹ́ àyà pẹ́pẹ́yẹ ni ti àwọn olówó ilẹ̀ Yúróòpù láti ayébáyé. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà Nàìjíríà ni ti òwú pọliẹ́sítà, tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti àpò ìrọ̀rí. Òmíràn ní àpò òde tó ṣeé bọ́. Òmíràn kò ní, òde àti inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, èyí sì ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní kọ́ńfọ́tà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, dúfẹ́ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni tẹrú-tọmọ ń bò níbẹ̀ títí Terence Conran fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ilé ìtajà Habitat, tó ṣí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1964. Tog ni wọ́n fi ń díwọ̀n bó ṣe ń móoru tó, ìwọ̀n tí Shirley Institute ní Manchester gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1940: 4.5 wà fún ìgbà ooru wọn, 13.5 fún ìgbà òtútù. Ẹni tó fẹ́ fọ dúfẹ́ kò gbọdọ̀ fojú fo nọ́ńbà yìí, nítorí láàárín àwọn dúfẹ́ tí ohun inú wọn jẹ́ ọ̀kan náà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ló sábà máa ń fa omi mu jù, tó sì máa ń pẹ́ jù kó tó gbẹ.

Òógùn, ọ̀rá ara àti awọ tó ń ré kúrò lára ló ń dọ̀tí dúfẹ́. Kòkòrò inú eruku, tí ojú lásán kò lè rí, ń jẹ awọ tó ré yìí, ó sì fẹ́ràn ibi tó tutù rinrin. Ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa sín láàárọ̀, tó sì ń dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Omi tútù ń ṣan púpọ̀ nínú ìgbẹ́ náà dànù, ṣùgbọ́n kòkòrò fúnra rẹ̀ kì í kú àfi kí ooru omi tó 60°C. Kì í ṣe gbogbo dúfẹ́ ló lè gba irú ooru bẹ́ẹ̀. Àkọlé kékeré tí wọ́n rán mọ́ etí rẹ̀ ni yóò sọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó fún dúfẹ́ fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá ń fọ àpò òde lóòrèkóòrè. Ní ilẹ̀ Yorùbá, oṣù kọkànlá dára, nígbà tí òjò ti lọ tí eruku ọyẹ́ kò sì tíì dé. Ọyẹ́ máa ń mú aṣọ gbẹ kíákíá lóòótọ́, àmọ́ eruku tó máa ń dà sí i lórí okùn lè sọ iṣẹ́ náà di àfọ̀túnfọ̀.

Àbàwọ́n ni kí wọ́n kọ́kọ́ mójú tó. Omi tútù ni ti ẹ̀jẹ̀, torí omi gbígbóná á mú un lẹ̀ típẹ́típẹ́. Fínígà tí wọ́n là lómi ṣeé lò fún ìtọ̀ ọmọdé. Bílíìṣì bíi Hypo tàbí Jik kò gbọdọ̀ pàdé ìtọ̀ tàbí fínígà rárá: gáàsì olóró ni yóò jáde, á sì jó ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró.

Bí ó bá di pé orúnkún ni wọ́n fi ń ti dúfẹ́ wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ̀rọ náà ti kéré jù. Omi kò ní ráyè yí inú rẹ̀ ká. Nínú báàfù ńlá, kí wọ́n kọ́kọ́ po ọṣẹ mọ́ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tó mọ́ tẹ dúfẹ́ náà léraléra. Ọṣẹ díẹ̀ ti tó, nítorí ọṣẹ tó kù sínú òwú ló ń mú un le gbagidi. Wọn kì í lọ́ ọ, wọn kì í sì í di etí kan mú fà á yọ nínú omi: ìwúwo omi á já okùn ìránṣọ inú rẹ̀, òwú á sì wọ́ jọ sí ìsàlẹ̀. Kí wọ́n da omi nù, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ báàfù títí yóò fi ro, kí ẹni méjì tó gbé e.

Gbígbẹ rẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an. Fífọ̀ kò le. Orí okùn méjì ni kí wọ́n sá a sí, kí atẹ́gùn lè gba àárín kọjá. Kí wọ́n máa yí i padà, kí wọ́n máa gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì máa fi ìka tú kókó tó bá dì nínú rẹ̀. Ti ìyẹ́ dára jù nínú ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, pẹ̀lú ooru díẹ̀ àti bọ́ọ̀lù tẹníìsì méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa lù ú kí ìyẹ́ má bàa dì. Òde máa ń tanni jẹ. Igun àti ojú ìránṣọ ni kí wọ́n dì mú, kí wọ́n fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: bó bá tutù díẹ̀, inú kò tíì gbẹ. Dúfẹ́ tí wọ́n ká báyìí á bu, kò sì sí lọ́fínńdà tó lè bo òórùn rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni omi pọn dandan. Ní Jámánì, wọ́n máa ń gbé dúfẹ́ kọ́ ojú fèrèsé láàárọ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Àwọn àgbà tó ń rọ ìrọ̀rí pẹ̀lú òwú àràbà náà mọ èyí, oòrùn ni wọ́n ń sá a sí, wọn kì í ki í bọ omi. Bàkín sódà tí wọ́n bù wọ́n ọn fún wákàtí kan, kí wọ́n tó gbọ̀n ọ́n dànù, ń fa òórùn kúrò.

Àpò aṣọ ló yẹ kí wọ́n fi tọ́jú dúfẹ́, kì í ṣe ọ̀rá. Káńfọ̀ tí àwọn kan máa ń fi sáàárín aṣọ tí wọ́n tọ́jú gba ìṣọ́ra. Naphthalene ló wà nínú ọ̀pọ̀ káńfọ̀ tí wọ́n ń tà, ó sì ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí èròjà G6PD kò tó lára rẹ̀, àbùdá tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọkùnrin ní Nàìjíríà. Ibà pọ́njú tó ń tìdí rẹ̀ wá lè ba ọpọlọ ìkókó jẹ́. Nítorí náà, kí wọ́n má fi káńfọ̀ sí ìbora tàbí aṣọ kankan nínú ilé tí ọmọ tuntun wà. Dúfẹ́ fúnra rẹ̀ pàápàá kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, torí ó lè bò ó nímú lójú oorun.