Ṣé ẹni tó ṣì ń mu sìgá lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ rèé

Lójú ọ̀nà Oda ní Àkúrẹ́, kí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ márúwá tó gba gbogbo títì, ẹ máa ń rí àwọn tó ń sáré láàárọ̀, pàápàá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹlòmíì wọ bàtà eré, ẹlòmíì wọ sílípáàsì àti síńgílẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ojú kì í rí ni pé páálí sìgá wà nílé àwọn kan nínú wọn. Àwọn míì sì wà tó wù láti dara pọ̀, àmọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jáwọ́ nínú sìgá ná." Ọdún ń gorí ọdún, wọn ò jáwọ́, wọn ò sì sáré.

Ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bí wọ́n ṣe rò ó. Ẹ má dúró de ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jáwọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí, àmọ́ ẹ rọra. Ẹ má sì tan ara yín pé eré á fọ sìgá kúrò lára, torí kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí èémí fi ń tètè tán?

Ẹ wo èéfín jẹnẹrétọ̀. Gáàsì kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní òórùn, carbon monoxide lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tí wọ́n sì sùn lọ. Gáàsì kan náà yìí wà nínú èéfín sìgá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ tó ti jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, bí ìgbà tí ọkọ̀ ń kó èrò láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. Agbára tí carbon monoxide fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Tó bá ti wọlé, ó ti gba àga nìyẹn, ọ́síjìn á kù sí gáréèjì. Ẹsẹ̀ tó ń sáré á máa béèrè ọ́síjìn, ọkàn á wá máa lù kìkìkì kó lè fi ìwọ̀nba tó wà ránṣẹ́.

Nikotíìnì inú sìgá ní tiẹ̀ máa ń mú kí ọkàn yára lù, ó sì ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún. Ẹ wá fi kẹ́lẹ̀bẹ̀ tó ń dí ọ̀nà èémí kún un. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún 25 fi lè máa mí gúlegúle lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì péré.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí rárá. Lọ́dún 1968, dókítà Kenneth Cooper àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà tí wọ́n ní kí wọ́n sáré fún ìṣẹ́jú 12. Bí sìgá tí wọ́n ń mu bá ṣe pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí wọ́n lè sáré dé ṣe ń kúrú sí.

Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lè ní Johan Cruyff ńkọ́? Lóòótọ́, ọmọ Netherlands yẹn ń mu sìgá nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù lágbàáyé. Àmọ́ lọ́dún 1991, nígbà tó jẹ́ kóòṣì Barcelona, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un. Ọmọ ọdún 43 péré ni. Ìgbà náà ló jáwọ́, ó sì ṣe ìpolówó lòdì sí sìgá fún ìjọba Catalonia, níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ ta páálí sìgá bí ẹni ta bọ́ọ̀lù. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní oṣù kẹta ọdún 2016.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún 1996, ará Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, ṣe ètò kan fún àwọn tí kò sáré rí, tí wọ́n ń pè ní Couch to 5K. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rèé: ẹ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sáré fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ rìn fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, kẹ́ ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ogún ìṣẹ́jú á fi pé. Ẹni tó ń mu sìgá lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Bí ẹ ò bá lè sọ gbólóhùn kan tán lórí eré, eré yẹn ti yá jù, ẹ dín in kù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á fẹ́ bá àwọn tó ti ń sáré tipẹ́ dọ́gba lọ́jọ́ kìíní, á bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò sì ní padà wá mọ́. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, kì í ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀ o, bó ti wù kó wù yín tó. Ibi tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ wá, bíi pápá iléèwé.

Sìgá yẹn náà ńkọ́?

Kò sí ìgbà tó dáa láti mu ún, àmọ́ ìgbà kan burú ju òmíì lọ. Láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ìdajì carbon monoxide tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á ti jáde. Tí èèyàn bá wá sùn mọ́jú, ó ti lọ sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Torí náà ìdájí, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sìgá àkọ́kọ́, ló dáa jù láti sáré. Tẹ́ ẹ bá sì dé, ẹ má ṣáná sí i lójú ẹsẹ̀, torí ọkàn ṣì ń sáré lọ́wọ́, nikotíìnì á tún máa lé e. Ẹ wẹ̀, ẹ jẹun. Ìwádìí ti fi hàn pé ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan máa ń jẹ́ kí òùngbẹ sìgá rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Eré nìkan kì í sábà múni jáwọ́ pátápátá, ẹ bá dókítà sọ ọ́.

Ẹ máa kọ iye tẹ́ ẹ mu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ sá. Òfin tábà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2015 ní wọn ò gbọdọ̀ ta sìgá lẹ́yọ, àmọ́ gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n ṣì ń tà á bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ. Ẹni tó ń rà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kì í mọ̀ pé òun ti mu mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Fún ẹni tó bá jáwọ́, Àjọ Ìlera Lágbàáyé (WHO) sọ pé láàárín wákàtí 12, carbon monoxide inú ẹ̀jẹ̀ á ti padà sí bó ṣe yẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí méjìlá, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró á sì túbọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ìyẹn náà ni ìgbà tí ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru

Ní ọsibítù tàbí ibùdó ìlera tó wà nítòsí, kì í gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó tún wá kan dandan fún ẹni tó ti lé lógójì ọdún, tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí àìsàn ọkàn wà nínú ìdílé rẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì tó bá bi yín nípa sìgá, kò ní lọ bá màmá yín sọ ọ́.

Tí àyà bá ń dùn yín lórí eré, tí ìrora náà sì ń lọ sí apá òsì tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sọ pé sìgá náà ni. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife, ọ̀fẹ́ ni ní àwọn ibùdó ìlera ìjọba tó ń ṣe é.

Lójú títì, ẹ dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀, torí ọlọ́kadà míì kì í tan iná. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku bá bo ojú ọ̀run, ìrìn nìkan ti tó lọ́jọ́ náà.