Sẹ́ńsọ̀ Ọ́ìlì Ọkọ̀: Yíyàn àti Dídè Rẹ̀

Sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì ni irin kékeré kan tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ láti máa ṣọ́ ipá tí ọ́ìlì fi ń ṣàn nínú rẹ̀. Bí ipá náà bá lọ sílẹ̀ jù, òun ló ń tan iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, òun ló ń darí ọwọ́ géèjì. Ipá ọ́ìlì ló ń ṣọ́, kì í ṣe bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Ọ̀pá tí à ń fà yọ lára ẹ́ńjìnnì ló ń sọ bóyá ọ́ìlì kún tàbí kò kún.

Ìwúlò rẹ̀

Pọ́ǹpù ló ń fa ọ́ìlì láti inú sọ́ǹpù, ìyẹn abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Á tì í gba inú fítà kọjá sínú àwọn ihò tó lọ sí ìdí kíráńkì àti káńṣáàfù. Níbẹ̀, ọ́ìlì tó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín irin méjì ni kì í jẹ́ kí wọ́n fara kan ara wọn. Bí ipá bá ti tán, irin á máa ha irin, ooru á mú wọn, láìpẹ́ ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì.

Ipá náà kì í dúró lójú kan. Ó máa ń kéré bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí kò sì sáré, ó sì máa ń ròkè bí a bá tẹ tọ́rọ́tù. Fún ẹ́ńjìnnì 5S-FE tó wà nínú ọ̀pọ̀ Toyota Camry ọdún 1992 sí 2001, ó kéré tán, ipá gbọ́dọ̀ tó psi 4.3 bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó gbọ́dọ̀ wà láàárín psi 36 sí 71.

Oríṣi rẹ̀

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni súìsì, tó máa ń ní wáyà kan ṣoṣo. Ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti sípíríǹgì wà nínú rẹ̀: bí ọ́ìlì bá ti awọ náà, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á kú, bí ipá bá já sí nǹkan bíi psi 4 sí 7, iná á tàn. Súìsì kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ.

Ìkejì ni èyí tó ń darí géèjì. Bí ipá ṣe ń yí padà ni ìdènà iná inú rẹ̀ ń yí padà. Ti VDO, ilé iṣẹ́ Jámánì, sábà máa ń lọ láti ohm 10 sí 180, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti Amẹ́ríkà ń bọ̀ láti 240 wá sí 33. Bí a bá so ti ọ̀kan mọ́ géèjì èkejì, irọ́ ni géèjì yóò máa pa.

Ìkẹta ni ti ọkọ̀ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ ẹ́ńjìnnì. Wáyà mẹ́ta ló sábà máa ń ní: ọ̀kan ń gbé folti 5 wá, ọ̀kan jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kẹta ń gbé ìròyìn lọ, láti nǹkan bíi folti 0.5 sí 4.5.

Yíyàn

Tíréèdì ni ohun àkọ́kọ́ tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Toyota àti Honda sábà máa ń lo 1/8 BSPT, tó ní eyín 28 nínú íǹṣì kan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń lo 1/8 NPT, tó ní eyín 27, tí igun eyín rẹ̀ kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. M10×1 tó wà lára ọ̀pọ̀ Volkswagen tún jọ wọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wọlé sínú ihò ara wọn fún bí ìyípo méjì kí wọ́n tó há. Ẹni tó bá fi ipá lọ́ ọ ti ba ihò ẹ́ńjìnnì jẹ́ nìyẹn.

Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹni tó ń lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin mú ti àtijọ́ dání, kí ó fi í wé tuntun, kí ó wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, kí ó sì wo ẹnu tí wáyà ń wọ̀. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ wúlò púpọ̀, àmọ́ sẹ́ńsọ̀ kò sí lára ohun tó yẹ kí á rà ní tòkunbọ̀: awọ inú rẹ̀ ti lè gbó, ọ́ìlì á sì máa jò gba ẹnu wáyà jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ fi géèjì kún iná pupa lè lo ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta láti fi de méjèèjì pọ̀. Àmọ́ sẹ́ńsọ̀ géèjì máa ń wúwo. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì lè kán ìsopọ̀ náà. Ó sàn kí a fi họ́ọ̀sì gbé e jìnnà, kí a sì dè é mọ́ ara ọkọ̀, kí a má sì gbàgbé láti fún un ní ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Àyẹ̀wò ṣáájú pípààrọ̀

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí iná pupa bá tàn lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí ó sì wo ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá kún, ríwáyà lè yọ wáyà súìsì, kí ó tan kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Lára ọkọ̀ onísúìsì, iná gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá kú, wáyà ti bó, ó sì ń kan irin níbì kan.

Èyí tó dájú jù ni kí mẹkáníìkì yọ sẹ́ńsọ̀, kí ó lọ́ géèjì tí kò lo iná mànàmáná sínú ihò rẹ̀. Ọ̀pá onírin títẹ̀ tó wà nínú irú géèjì bẹ́ẹ̀ ni Eugène Bourdon ti ilẹ̀ Faransé gba ìwé àṣẹ lé lórí ní ọdún 1849.

Dídè

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. A ó yọ wáyà, a ó gbé àkísà tàbí abọ́ sábẹ́, a ó sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì jíjìn tú ti àtijọ́. Ti mìlímítà 24 tàbí 27 ló sábà máa ń bá a mu. A ó nu ojú ihò mọ́.

Gọ́ọ̀mù ni à ń fi sí tíréèdì BSPT, ní eyín méjì tàbí mẹ́ta, kí ó má kan eyín tó ṣíwájú, nítorí gọ́ọ̀mù tó bá já lè dí ọ̀nà ọ́ìlì. Tépù funfun àwọn púlọ́ńbà kò dára fún un: ó lè já wọnú ọ́ìlì, tó bá sì nípọn, ó lè dínà ẹ́ẹ̀tì súìsì. Èyí tó bá ní wáṣà kò nílò gọ́ọ̀mù, wáṣà tuntun ló nílò.

Ọwọ́ ni a ó kọ́kọ́ fi lọ́ ọ wọlé kí sípánà tó dé ibẹ̀. Toyota ní kí a fún un le dé 15 N·m, èyí tí kò pọ̀ rárá, kí a sì jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ fún wákàtí kan kí a tó tan ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà, iná pupa gbọ́dọ̀ tàn bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ó sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde. Nígbà tó bá gbóná, a ó tún wò ó bóyá ó ń jò.

Bí sẹ́ńsọ̀ tuntun bá tún tan iná náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tí wáyà rẹ̀ sì dá ṣáṣá, òótọ́ ni ti àtijọ́ ń sọ. Pọ́ǹpù tàbí ìdí kíráńkì ló ti jẹ. Ọ́ìlì tó ki lè pa iná náà fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kò lè dá irin tó ti jẹ padà.