Server tí wọ́n gbàgbé: bí àṣìṣe ọmọ ènìyàn ṣe ń da iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rú

Ọjọ́ 14, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB, bú sẹ́kún níwájú àwọn oníròyìn l'Ábùjá. Kì í ṣe pé olè jà, kì í sì í ṣe pé àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ya wọ inú ẹ̀rọ àjọ náà. Àtúnṣe kan tó yẹ kí wọ́n fi sórí àwọn kọ̀ǹpútà kan ni wọn kò fi síbẹ̀. Nítorí èyí, èsì ìdánwò UTME àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 di ohun tí kò ṣeé gbára lé, àjọ náà sì ní láti pè wọ́n padà láti ọjọ́ 16 oṣù náà kí wọ́n wá ṣe ìdánwò mìíràn, nígbà tí ìdánwò WAEC ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀. Ọdún 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, nígbà tó sì di ọdún 2015, ìdánwò orí ìwé dópin pátápátá. Kọ̀ǹpútà tí ọmọ jókòó tì nínú gbọ̀ngàn kọ́ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Àwọn ẹ̀rọ ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní server. Àwọn ló ń pín ìbéèrè, àwọn náà ló ń gba ìdáhùn. Fún ìdánwò ọdún 2025, àjọ náà ṣe àyípadà mẹ́ta. Wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ èsì wò padà, wọ́n da ètò ìbéèrè àti ìdáhùn rú kí ti ọmọ kan má baà rí bíi ti ẹni tó jókòó tì í, wọ́n sì mú kí ẹ̀rọ náà yára sí i. Ohun tó dára ni wọ́n ń wá, nítorí ẹni tó bá fẹ́ jíwèé wò kò ní rí ohun tó máa jí.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni àwọn server náà pín sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní KAD, tí wọ́n sọ ní orúkọ Kàdúná, gba àtúnṣe tí àwọn àyípadà náà nílò. Èyí tí wọ́n ń pè ní LAG, tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ Ìlà-Oòrùn Gúúsù, kò gbà á. Ibùdó ìdánwò 65 l'Ékòó àti 92 lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò ló fara gbá a, àwọn ọmọ 206,610 l'Ékòó, àwọn 173,387 lọ́hùn-ún. Ọmọ dáhùn ìbéèrè bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ kò sì kà á bó ṣe yẹ. Kò sí ẹni tó mọ̀ títí èsì fi jáde.

Àwọn tó mọ ìtàn iṣẹ́ kọ̀ǹpútà á rántí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà, àwọn méjèèjì sì jọra bí ìbejì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹjọ, ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Knight Capital, tó ń fi kọ̀ǹpútà ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò tuntun. Server mẹ́jọ ló yẹ kó gba ètò yìí. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ṣe é sórí méje, ó gbàgbé ẹ̀kẹjọ. Kò sí ẹnì kejì tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà kò ní ìlànà kankan tó sọ pé kí ẹnì kejì yẹ̀ ẹ́ wò. Orí server kan ṣoṣo yìí ni ètò àtijọ́ kan tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 2003 ti jí dìde. Láàárín ìṣẹ́jú 45, ó ti ra, ó sì ti tà, lọ́nà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Owó tí ilé-iṣẹ́ náà pàdánù lé ní mílíọ̀nù 460 dọ́là, nígbà tó sì fi máa di ọdún kejì, ilé-iṣẹ́ mìíràn ti gbé e mì.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tó ń dẹ́rù bani ju owó lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, tí gbogbo wọn ń sáré kiri, àwọn òṣìṣẹ́ rò pé ètò tuntun ló ń fa wàhálà. Ni wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lórí àwọn méje tó wà ní déédéé. Àwọn méje náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wèrè tí ẹ̀kẹjọ ń ṣe. Onímọ̀ ni wọ́n o, wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tí jìnnìjìnnì bá kò lè ronú bí ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀, ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọ̀nà àbáyọ ti wà nínú ìwé kí wàhálà tó dé.

James Reason, onímọ̀ ìrònú ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé Human Error lọ́dún 1990, ya ìgbàgbé sọ́tọ̀ kúrò lára àìmọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan, a lè kọ́ ọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó sì gbàgbé ńkọ́? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò wo ìyẹn sàn, bẹ́ẹ̀ ni lílé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kò wò ó sàn, nítorí ẹni tí a máa gbà dípò rẹ̀ náà máa gbàgbé lọ́jọ́ kan. Ohun tí Reason ní kí a wá ni àwọn àlàfo tó ti wà nílẹ̀ kí ẹni yẹn tó dé ibẹ̀. Ní tèmi o, ibi tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ wa kì í fẹ́ wò nìyí, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlàfo náà, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ti ìkìlọ̀. Kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Knight, ẹ̀rọ wọn ti fi lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ pé nǹkan kan kò lọ déédéé. Kò sí ẹni tó kà á sí ìkìlọ̀. Ní ti JAMB, nígbà tí èsì fi hàn pé ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 tí kò gba 200 nínú 400, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Aláúsá, rí i gẹ́gẹ́ bí àmì pé ìgbésẹ̀ lórí màgòmágó ìdánwò ti ń so èso. Ohun tí ènìyàn ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló máa ń fi túmọ̀ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òbí, pẹ̀lú ẹ̀sùn tí àwọn ènìyàn bíi Alex Onyia ti ilé-iṣẹ́ Educare kó jọ, ló jẹ́ kí JAMB tètè ṣe àyẹ̀wò. Ó yẹ ká yin àjọ náà fún èyí: láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n wádìí, wọ́n sì jẹ́wọ́ ní gbangba.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba ogún ọdún. Láti ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn, Post Office, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo Horizon, ètò ìṣirò owó tí ilé-iṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó. Bí ètò náà bá sọ pé owó ẹ̀ka kan dín, ẹni tó ń ṣe alábòójútó ẹ̀ka náà ló máa san án láti àpò ara rẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ bí olè. Ó lé ní 900 ènìyàn tí wọ́n dá lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sọ fún pé òun nìkan ló ń ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, irọ́ ni. Òfin ilẹ̀ náà sì tún gbè sẹ́yìn ẹ̀rọ, nítorí ilé ẹjọ́ máa ń gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa àyàfi bí ẹnì kan bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni nínú àwọn òǹtajà abúlé ló lè fi ìyẹn hàn? Ọdún 2019 ni Adájọ́ Fraser tó sọ pé àṣìṣe wà nínú Horizon lóòótọ́. Oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tó fagi lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀bi náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìròyìn tí Sir Wyn Williams gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 2025 sọ pé ó kéré tán, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn 13 ti pa ara wọn nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀nà àtiṣàkóso irú nǹkan báyìí kì í ṣe àwámárìídìí. Láti àwọn ọdún 1980 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe àkójọ ìlànà tí wọ́n ń pè ní ITIL: ẹni tó bá fẹ́ yí nǹkan padà á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó fàṣẹ sí i á fọwọ́ sí i, ọ̀nà àtidá a padà náà á sì wà nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni àṣà mìíràn wọlé, pé kí a kọ́kọ́ fi àyípadà sórí ẹ̀rọ díẹ̀, kí a wò ó, kó tó kan gbogbo wọn. Lẹ́nu iṣẹ́ níbí, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló jẹ́ pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ gbogbo àṣírí kọ̀ǹpútà wọn. Bí ó bá lọ sí ìsinmi, ìsinmi dé bá gbogbo wọn nìyẹn. Nígbà mìíràn, ọmọ iṣẹ́ tó rí àṣìṣe kò ní lè sọ fún ọ̀gá nítorí ọ̀wọ̀, a sì ti gbàgbé pé ọgbọ́n ọmọdé àti tàgbà la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ní ti server tó yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a kò tilẹ̀ nílò ojú ènìyàn láti rí i. Ètò kékeré kan wà tó ń fi ohun tó wà lórí ẹ̀rọ kan wé ti èkejì, tí á sì kígbe bí wọn kò bá dọ́gba. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, a sì lè ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò.